Dò Kì Í Kó Kúrò Nílé

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílẹ̀ àjèjì ni búrẹ́dì. Ní Kétu tiwa, èyí tó wà ní ìhà Faransé, búrẹ́dì a máa gùn bí ọ̀pá, èèpo rẹ̀ a sì le débi pé ọmọdé lè fi bá ara wọn jà. Ní Agége, wọ́n ta ọ̀kan fún mi tó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Mo gbé ìka kúrò, ó tún dìde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Obìnrin tó tà á wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Láti ibo?"

"Láti Kétu."

"Kétu tó wà lẹ́yìn Maryland níbẹ̀ yẹn? Ó wá ń ṣe bí ẹni tó ti òkè òkun dé! Jọ̀ọ́, gba ṣéńjì ẹ."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yorùbá ni mo ń sọ, Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà, Yorùbá ni mo fi ń lálàá, síbẹ̀ kí n tó la ẹnu tán, wọ́n á ti mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ríṣẹ́ ní Oregun, kò sẹ́ni tó pè mí ní orúkọ mi. Kútọnu ni gbogbo wọn ń pè mí. Èmi tí n kò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi! Mo kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá, bí ẹnikẹ́ni bá ké "Kútọnu!" láàárín ọjà pàápàá, mo ti ń dáhùn.

Kí n tó kúrò nílé, èmi àti bàbá mi ti jọ ṣe àdéhùn. Bàbá mi ni katikíìsì ìjọ Àgùdà ní àdúgbò wa, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù. Dùùrù yẹn kì í lo iná. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀, kí ó tó fọhùn. Àwọn fadá ayé àtijọ́ ló gbé e wá. Eku ti jẹ lára awọ rẹ̀, eruku ti kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún ló ti ń gbé ìka mi lé eyín funfun kan náà lára rẹ̀, ohùn àkọ́kọ́ nínú dò-re-mí-fa-sọ. Á ní, "Dò nìyí. Àná, òun ni dò. Ọ̀la, òun ni dò. Bí o bá dé Róòmù, òun náà ni dò."

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ sí Èkó, kò bínú, ó kàn ń fọwọ́ pa dùùrù náà lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára. Ó ní, "Ọdún kan ni mo fún ọ. Bí wọ́n bá fún ìwọ nìkan ní orin kọ níwájú ìjọ níbẹ̀, tí mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ, dúró síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, padà wálé wá jókòó sí ìdí dùùrù yìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, n kò lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ayé." Mo gbà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ọdún kan gùn lójú rẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ bísíkíìtì tí mo ń dúró tì ní Oregun a máa kùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó fetí sí i dáadáa. Fa ni ẹ̀rọ náà ń kọ! Fa gan-an, láìyẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé lójà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lé e lórí bí mo ṣe ń di bísíkíìtì sínú páálí. Ọmọbìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bùkọ́lá, yọ ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀.

"Kútọnu, ìwọ lò ń kọrin yẹn àbí rédíò?"

"Èmi ni. Èmi àti ẹ̀rọ."

"Orí ẹ ti yá. Sunday yìí, ìwọ àti èmi la jọ ń lọ sí choir."

Ọmọ Èkìtì ni Bùkọ́lá, ìdílé Aládùúrà ni wọ́n ti bí i. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Agége, ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ múra láti kọrin títí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ṣebí orin ni, ibi tí mo mọ̀ jù lọ láyé ni mo wà yìí.

Ọ̀gá akọrin tẹ ohùn kan lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Dò nìyẹn o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ohùn tó tẹ̀ yẹn, sọ ni, kò jọ dò rárá! Kí n tó gbé ẹ̀rín mì, orin ti bẹ̀rẹ̀. Ogójì ènìyàn gbéra láti ibi kan, èmi nìkan gbéra láti ibi tí bàbá mi fi mí sí. Ohùn mi jáde láàárín tiwọn bí ewúrẹ́ tó já wọ inú ìsìn.

Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló ń ké yẹn?"

"Kútọnu ni, sà," ni Bùkọ́lá dáhùn. "Ẹ má bínú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Orin kejì dé, dò tún ti lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí a ó fi kọ orin márùn-ún, dò ti kó nígbà mẹ́rin, bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù ń lé kiri. Gbogbo wọn ń tẹ̀ lé e láìṣe wàhálà kankan, èmi nìkan ni mo ń sọnù. Nígbà tí a jáde, Bùkọ́lá di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́, dò kò ní ilé kan pàtó níbí. Ibi tí orin bá wà lónìí, ibẹ̀ ni dò ń gbé. Ìwọ ṣáà máa bá a kó ẹrù."

Mo pe bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè é, nígbà tí inú yàrá mi bá dákẹ́ jù, tí mo bá ń gbọ́ ọmọ onílé tó ń pe ìyá rẹ̀, tí àárò ilé á sì máa sọ mí. N kì í sọ fún un pé àárò ń sọ mí. Mo máa ń bèèrè nípa dùùrù dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo sọ fún un pé wọ́n ní dò máa ń kó kiri níbí.

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn, bàbá."

"Gbogbo wọn ṣìnà. Dò kì í kó kúrò nílé." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ jẹun.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Lójú bàbá mi, ohun tó bá jẹ́ tìrẹ wà lójú kan, ìwọ lo máa ń padà lọ bá a. Lójú àwọn ará Agége, kò sí ẹni tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gan-an. Èkìtì ni tibí, Oǹdó ni tọ̀hún, Ìjẹ̀bú ni lánlọ́ọ̀dù, gbogbo wọn sì ti gbé dò wọn dání wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi tí àyè wà. N kò mọ ẹni tó tọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti ń bá wọn kó ẹrù. Mo lè kọrin láti ibikíbi tí wọ́n bá fi mí sí. Àmọ́ bí mo bá dá wà nínú yàrá, tí mo bá ní kí n kọ dò, ti ilé ló máa ń jáde.

Oṣù kẹwàá mi ni Bùkọ́lá já wọ yàrá mi pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Akádẹ́mì sọ́mà fún àwọn ọ̀dọ́ olórin ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ìkẹjà. Sọ́mà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó! Òjò ọjọ́ náà ti gbé bàtà mi kan lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ni ní orin Bàrókì, ìyẹn orin ìjọ Ọlọ́run tí àwọn òyìnbó kọ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n á kọ ọ́ níwájú èrò, ẹnì kan á sì dá orin kan kọ.

"Ẹnì kan," ni Bùkọ́lá wí. Ó mọ àdéhùn èmi àti bàbá mi. "Ẹnì kan yẹn, ìwọ ni."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo lọ bá Ọ̀gá Fẹ́mi, alábòójútó wa ní ilé iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé èmi àti Bùkọ́lá sí ṣíìfìtì ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí a lè máa lọ kọ́ orin láàárọ̀.

"Orin kí ni?"

"Orin ìjọ ayé àtijọ́, sà."

"Ṣé ẹ máa jó sí i?"

"Rárá o, sà. Wọn kì í jó sí i."

"Orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í jó sí?" Ó mi orí. "Ẹ lọ. Àmọ́ èmi náà máa wá wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú."

Ẹni tó dá akádẹ́mì náà sílẹ̀ ni Àǹtí Tọ́lá, obìnrin Èkìtì kan tó ń fi fáólíìnì kọrin. Kò ga, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ó ní kí n kọrin láìsí dùùrù. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣínà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù ló ń tún ṣe ní Computer Village, ó sì ń fi ọrun fa ṣẹ́lò, fáólíìnì ńlá tí wọ́n ń há sáàárín orúnkún. Ó ní ohun kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń wọn ohùn. Ó yí i sí mi.

"Wò ó. Ohùn ẹ lọ sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló lọ sílẹ̀."

Dùùrù bàbá mi ni mo kọ́kọ́ rò. Eruku! Eku! Gbogbo ọdún yẹn, ohun tó ti bàjẹ́ ni mo ń kọ́, tí mo sì ń fi yangàn! Àǹtí Tọ́lá gba fóònù náà lọ́wọ́ Ṣínà, ó wò ó pẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Ìwọ náà wá lọ́jọ́ Ajé," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, a bá àwọn olórin níbi tí wọ́n ti ń tún ohùn fáólíìnì ṣe. Ìfun ẹran ni wọ́n fi ṣe okùn fáólíìnì wọ̀nyẹn, bí tayé àtijọ́. Àǹtí Tọ́lá yí nǹkan kan lára kíbọ́ọ̀dù, ó sì tẹ dò.

Mo pariwo. N kò mọ̀ pé mo pariwo, Bùkọ́lá ló sọ fún mi. Dùùrù bàbá mi ló fọhùn! Dò yẹn gan-an, dò tiwa, ní àárín Ìkẹjà!

Àǹtí Tọ́lá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe. Àwọn tó kọ orin wọ̀nyí, ohùn tiwọn lọ sílẹ̀ ju tòde òní lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dẹ okùn. Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà. Pẹ̀lú dùùrù tí eku jẹ."

"Bá mi kí bàbá ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má pa eku yẹn."

Láti ọjọ́ náà, eré òwúrọ̀ wa nìyẹn. Kí wọ́n tó tan kíbọ́ọ̀dù, Àǹtí Tọ́lá á ní, "Kútọnu, dò dà?" Mo ń kọ ọ́, Ṣínà ń wọ̀n ọ́ lórí fóònù tó ti yí sí tayé àtijọ́, ẹnu ń yà á. "Abeg, ṣé inú ẹ ni wọ́n ti gbé dùùrù pamọ́ ni?" Mo ń rìn láti ibẹ̀ lọ sí Oregun lọ́sàn-án bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Orin náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ohùn á máa gbọ̀n, tí á máa yí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí Tọ́lá ń wá bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, Bùkọ́lá ní, "Àǹtí, ó ti yé wa. Bí ìyá àgbà wa ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn tí ẹ̀mí bá gùn wọ́n." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Tọ́lá pe orúkọ ẹni tí yóò dá orin kọ. Orúkọ mi gan-an ló pè, n kò sì dáhùn. Kò yé mi pé èmi ni. Bùkọ́lá ló ta mí nípàá. "Kútọnu, ìwọ ni!"

Mo pe ilé lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti fún mi." Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n etí òun kò tíì gbọ́. Àdéhùn ni àdéhùn. Ó ní òun á jókòó ti fóònù ní ìdí dùùrù lọ́jọ́ náà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́kì ti dára ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọ̀gá Fẹ́mi jókòó síwájú nínú agbádá, ó ká ọwọ́ gbera. Àǹtí Tọ́lá ti gba fóònù gbogbo àwa olórin, ó tì wọ́n mọ́ yàrá kan, àfi tèmi nìkan ló yọ̀ǹda. Bùkọ́lá gbé e dání níwájú ẹgbẹ́ akọrin, bàbá mi wà lórí rẹ̀, ó ń húkọ́. A kọ orin mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dùn. Bí ó ṣe kan tèmi, iná lọ.

Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́. Fáànù dúró. Ooru mú, wọ́n ṣí fèrèsé, atẹ́gùn òjò sì fẹ́ wọlé. Ẹni tí kò bá mọ okùn ìfun ẹran, kí n sọ fún un: bí òjò bá ti fẹ́ sí i, ó ń dẹ̀ ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fáólíìnì kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀. Ọ̀gá Fẹ́mi ti dìde, ó ká agbádá, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá fóònù ló mú un lọ. Ṣínà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ṣófo.

"Kí la fẹ́ fi tún un ṣe báyìí?" ló wí. "Kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí fóònù tí mo fi ń wọn ohùn."

Àwọn èrò ti ń kùn. Àwọn kan ti dìde. Mo rò ó pé, ọdún ti ń pé lọ, ó ti parí nìyẹn, dùùrù ń dúró dè mí. Àǹtí Tọ́lá yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Kútọnu, dò dà?"

Mo di ojú mi. Mo kọ ọ́.

Ṣínà dúró pẹ̀lú ọrun ṣẹ́lò lọ́wọ́. "Ṣé ó dá ẹ lójú? Níwájú gbogbo èrò yìí?"

Kí n tó dáhùn, ohùn kan ti inú fóònù jáde lọ́wọ́ Bùkọ́lá. "Alò? Alò! Kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Bùkọ́lá ké sínú fóònù náà, "Iná ló lọ, bàbá! Wọ́n ń wá dò!"

"Wọ́n ń wá kí ni?"

"Dò!"

"Dò?" A gbọ́ tí àga ń han. A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀, gbì, gbì, awọ tó ń mí. "Dò ni wọ́n ń wá? Ẹ gbà á!"

Ó sì fọhùn, láti Kétu, nínú fóònù kékeré, eruku rẹ̀, eku rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mo ṣì ń kọ tèmi lọ́wọ́. Méjèèjì wọ inú ara wọn débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Àǹtí Tọ́lá pàápàá ń nu ojú. Ṣínà ti tẹ̀ ba, ó ń fa okùn ṣẹ́lò rẹ̀, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Fáólíìnì tẹ̀ lé e. Bàbá mi kò gbé ìka kúrò títí tí ẹni ìkẹyìn fi tún tirẹ̀ ṣe tán.

Mo kọrin mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, n kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ń tì mí láti ẹ̀yìn ni, mo sì mọ̀ pé n kò bẹ̀rù. Nígbà tí ó parí, ariwo gba ibẹ̀. Àárín ariwo yẹn ni jẹnẹrétọ̀ dáhùn, iná dé, Ọ̀gá Fẹ́mi sì wọlé pẹ̀lú epo lára agbádá, ó ń bèèrè bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ Bùkọ́lá, mo jáde lọ sábẹ́ òjò wínníwínní.

"Bàbá?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́." Ó húkọ́. "Ìwọ lo kó kúrò nílé. Dò kò kó. Ó wà lẹ́nu rẹ bí mo ṣe fi í síbẹ̀."

Mo ń retí kí ó mẹ́nu kan àdéhùn wa. Mo gbọ́ tó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ìdí dùùrù, mo gbọ́ tó tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Dúró síbẹ̀," ló wí. "Ẹsẹ̀ kò dùn mí tó bí mo ṣe wí."